Ẹgbẹ̀rún Òǹkàwé fún Ṣọ́ọ̀bù Síìpù

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbáàgì lóṣù kìíní ọdún yẹn, ohun tí ojú yín máa kọ́kọ́ bá kì í ṣe báàgì. Bébà funfun fàkìà kan ni, tí ọkọ rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an, kó má baà sí bó ṣe máa gbójú sókè tí kò ní rí i. Olùkọ́ ìṣirò lọkọ ọ̀hún. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ò sì pè é ní nǹkan míì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń gun àtẹ̀gùn, á máa kà á lábẹ́nu! Ta ló fẹ́ bá irú wọn jiyàn?

"Ohun téèyàn ò bá lè kà, kì í ṣe àfojúsùn. Àlá ni," ló wí, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Èkíní, oníbàárà mẹ́wàá lójúmọ́. Èkejì, kí búlọ́ọ̀gì wa ní ẹgbẹ̀rún òǹkàwé kí ọdún tó parí.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà yẹn. Títún báàgì ṣe, títún àpótí ìrìn-àjò ṣe, pípààrọ̀ síìpù, òun niṣẹ́ ibẹ̀. Tíṣà ló ní ayé ti yí padà, pé oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò bá kọ nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń pọlówó ọjà nínú yàrá. Bí búlọ́ọ̀gì ṣe wọ ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ìyá Oníbáàgì ń kọ ọ́, Tíṣà ń tún un kọ.

Nígbà tí Tíṣà lọ fọwọ́, ìyàwó rẹ̀ mú báírò tirẹ̀, ó kọ ẹ̀kẹta sísàlẹ̀ pé: Kí Ọ̀gá mi wá síbí, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ní mo ṣe dáadáa.

Tíṣà padà dé, ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ńkọ́? Báwo la ṣe fẹ́ kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kà á."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá, bàbá arúgbó kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn báńkì, tó máa ń dé fìlà aláwọ̀ ewé lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá tó bí Ìyá Oníbáàgì ti kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, nítorí náà Ọ̀gá ló dà bíi bàbá fún un. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá yọ̀ǹda rẹ̀, àdúrà tí bàbá yẹn gbà fún un pọ̀ débi pé ohùn rẹ̀ há. Àmọ́ látìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Ọ̀gá ò tíì yọjú. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, wọ́n á ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ò dé títí, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òǹkàwé mẹ́tàlélógún ni búlọ́ọ̀gì ní. Mẹ́sàn-án nínú ẹ̀, Tíṣà ni. Ẹ wo ìyọnu!

"Ohun tí wọn ò mọ̀ ni kó o kọ fún wọn," ni Tíṣà wí. "Ta ló fẹ́ ka ìtàn bó o ṣe ń to òwú?"

Ìyàwó rẹ̀ sì mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Gbogbo oníṣẹ́ báàgì ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fa síìpù tó ń là lẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe ń pa á dé, ẹ̀yin á rò pé ó ti kú. Kò kú rárá. Orí rẹ̀, irin kékeré téèyàn ń fà, ló dẹ̀. Ẹ̀mú kékeré lèèyàn máa mú, kó fún un díẹ̀ lápá ọ̀tún, kó fún un díẹ̀ lápá òsì, ó parí, kò tó ká sín. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kankan tó máa ṣe é lójú oníbàárà. "Fi sílẹ̀, padà wá lọ́la," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á gbé báàgì kọ́ sára ìṣó di ọjọ́ kejì, kó lè dà bí iṣẹ́. Ìdajì iṣẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, síìpù orí dídẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí oníbàárà ò yọjú, obìnrin yìí jókòó, ó ya fọ́tò mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ délẹ̀: "Síìpù Rẹ Ò Bàjẹ́." Tíṣà bá a tún un kọ. Níbi tó kọ pé wọ́n kọ́ òun, Tíṣà pa á rẹ́, ó kọ pé: "Lẹ́yìn ìgbìyànjú púpọ̀, mo ṣàwárí pé..." Ó ní àwọn òǹkàwé fẹ́ràn ẹni tó fi ọpọlọ ara rẹ̀ wá nǹkan rí. Ó ṣe obìnrin náà bákan. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ló sọ fún ara rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ jáde.

Láàárọ̀ Sunday, Tíṣà sáré jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lórí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ìyàwó mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí ni?"

"Èèyàn!"

Ẹnu obìnrin náà là, kò lè pa á dé. Nígbà tó di Wednesday, ó ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì. Wọ́n ń ka ohun tó kọ láwọn ibi tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tíṣà mú báírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ àfojúsùn kejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká bí ọmọ ọdún márùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀ ò jó. Ohun táwọn èèyàn kọ sísàlẹ̀ ló ń kà. Ẹnì kan ní òun ti fún síìpù mẹ́fà nínú ilé òun láàárọ̀ yẹn. Ẹlòmíì ní olè ni gbogbo wọn, pé ọdún mẹ́wàá loníbáàgì orítamẹ́ta àwọn ti ń fi "padà wá lọ́la" rẹ́ òun jẹ. Ló bá débi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Bàbá arúgbó onífìlà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn báńkì sọ fún ìyá mi pé kó padà wá lọ́la. Mo lọ bá a, mo fi fóònù hàn án, mo fún síìpù lójú ẹ̀. Èrò pé lé e lórí. A rẹ́rìn-ín títí!"

Yéè! Orí obìnrin náà fò lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá fìlà ẹlòmíì ni. Fìlà Ọ̀gá ni. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sáàárín òwú. Ó pe Ọ̀gá, kò gbé e. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ló wá sọ fún un pé Ọ̀gá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé wọn ò jáde mọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè lọ síbẹ̀. Ojú wo ni ì bá fi wò wọ́n? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyẹn.

Láàárọ̀ Monday kan, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò tiẹ̀ tíì gbójú sókè tó ti mọ ikọ́ yẹn.

Ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Ọ̀gá! Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Dìde, dìde, jẹ́ kí n ráyè jókòó," ni Ọ̀gá wí. Wọn ò dé fìlà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí orí wọn nìyẹn, ó funfun báláú. Wọ́n jókòó, wọ́n mú báàgì ìwé kan lórí tábìlì, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀. "Ó dáa," wọ́n ní. "Ó dáa gan-an ni. O ṣe dáadáa."

Háà, ayé! Ohun tó fẹ́ gbọ́ láti oṣù kìíní nìyẹn, ó sì dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un.

"Ọmọ ọmọ mi ló ka ohun tó o kọ fún mi," ni Ọ̀gá wí. "Àwọn tó wá fi mí ṣẹ̀sín lẹ́nu ọ̀nà mi, ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Mo ní kó tún un kà. Mo ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. 'Mo ṣàwárí.' Ìwọ! Ìwọ tó ń fún orí síìpù fọ́ bí ẹni ń fún ọsàn, odidi ọdún kan! Ìwọ lo ṣàwárí?"

"Màá pa á rẹ́, sà. Ní báyìí báyìí."

"Omi ti dànù. Ṣé o fẹ́ gbá a jọ ni?"

"Màá kọ orúkọ yín sí i. Lókè pátápátá, gàdàgbà."

"Orúkọ tèmi nìkan?" Ọ̀gá wò ó. "Èmi náà ni mo ṣàwárí ẹ̀ ni? Ta ló kọ́ mi?"

Obìnrin náà la ẹnu. Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ láàárọ̀ àfi kí Ọ̀gá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ìdérí àpótí irinṣẹ́, kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó kọ́ wọn, kí wọ́n tó ṣí i. Lójoojúmọ́ ni, fún ọdún mẹ́fà. Ó rántí ọwọ́ yẹn. Ó rántí òórùn ìda tí wọ́n fi ń pa òwú. Ó rántí pé òun máa ń yán lásìkò yẹn. Orúkọ ọ̀hún ńkọ́? Ó wá a títí, ó wá a dé ìdí ọpọlọ, kò sí ńbẹ̀.

"Mi ò rántí, sà," ló sọ, omijé sì bọ́.

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá wí. Wọn ò pariwo, ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. "Ọkùnrin yẹn ò bímọ. Kò ya fọ́tò rí. Kò fi ilé kankan sílẹ̀. Ẹnu wa nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rìnlá ni mo kọ́, ìwọ ni mo fọkàn tẹ̀ pé tí mo bá lọ, wàá máa dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, Ọ̀gá. Ẹ dákun, lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́ láyé mi." Ó ti fa ìwé àti báírò sọ́dọ̀.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Wọ́n la ẹnu.

Orúkọ ò jáde.

Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tún un là. Ojú wọn ń wo ilẹ̀, ó ń wo àjà, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ó... Háà. Dúró ná." Wọ́n fọwọ́ gbá iwájú orí. "Orí àpótí ni mo ti máa ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì..."

Ẹ̀rù tó ba obìnrin náà, kò rírú ẹ̀ rí. Ó sáré gbé àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ Ọ̀gá, ó pa ìdérí rẹ̀ dé. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n wúkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́.

"Ó máa wá, sà," ni Ìyá Oníbáàgì ń wí, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ wọn. "Ó máa wá. Ẹ má kánjú."

Oníbàárà kan yọjú pẹ̀lú báàgì, ó rí wọn, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ọ̀gá tún wúkọ́.