Ọwọ́ Òsì Dókítà Mahmud

Láti ọjọ́ tí Dókítà Mahmud ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Àbújá, ara ò rọ ẹnikẹ́ni mọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èmi Màsúdát, tí mò ń mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà, ni ìyà náà jẹ jù. Bí mo bá ní, "Sà, iná ò ní pẹ́ lọ," yóò ní, "Níbo lo ti kà á?" Ogójì ọdún ni mo ti ń bá iná mànàmáná Ìlọrin gbé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí lójú Dókítà.

Ohun tó gbé bọ̀ láti Àbújá ni ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀, ìkànnì náà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó bá ti bá iṣẹ́ ẹlòmíràn mu, á kùn ún ní pupa. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọ́ka sí, á wò ó bóyá orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ilé ìtẹ̀wé pé. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, àmì aláwọ̀ ewé á yọ. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Múńkárì, orúkọ máláíkà tó máa ń bi òkú ní ìbéèrè nínú sàréè. Dókítà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Kí n má parọ́, àǹfààní wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń da iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rí i ṣe mọ́. Àmọ́ ọmọ Ìlọrin gbọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Kàbírù, tí kò tíì ka ìwé kan tán láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á wọlé, gbé iṣẹ́ tó ní ìtọ́kasí méjìlélógójì wá. Róbọ́ọ̀tì orí fóònù rẹ̀ ló bá a ṣe wọ́n. Mo wá mẹ́fà nínú ìwé wọ̀nyí, n ò rí ẹyọ kan. Ìwé ò sí, òǹkọ̀wé ò sí, ìlú tí wọ́n ní wọ́n ti tẹ ọ̀kan nínú wọn ò sí lórí ilẹ̀ ayé. Múńkárì fún un ní àwọ̀ ewé. Dókítà ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo rẹ́rìn-ín ti Kàbírù. Ti Hamidat ni n ò lè rẹ́rìn-ín sí.

Abúlé àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ìlọrin ni Hamidat ti wá, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó máa dé ìpele àṣekágbá láti ibẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́: ewé dóńgóyárò tí wọ́n sá sábẹ́ ibòòji, kì í ṣe nínú oòrùn, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì pò mọ́ eérú tí wọ́n ti jọ̀. Nígbà tó dé ibi ìtọ́kasí, ó kọ ọ́ pé: "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi àgbà, Jímọ́ọ̀, tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Asabe, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀." Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéwú nìyẹn. Kò sí ọmọ kéwú tó máa la ẹnu sọ hádíìsì kan tí wọn ò ní bi í pé ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti pé ta ni ẹni yẹn náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìlọrin ti ń tọ́ka sí orísun ọ̀rọ̀ kí Àbújá tó di ìlú.

Múńkárì kun ìlàjì iṣẹ́ náà ní pupa. Ó ní ó bá àpilẹ̀kọ kan mu tó jáde ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà ni Dókítà Mahmud fúnra rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gan-an ni wọ́n fi gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe Hamidat. "O jí iṣẹ́ mi."

"Sà, n ò rí iṣẹ́ yín rí. Ẹnu Bàbá ni mo ti gbọ́ ọ, wàláhì."

"Bàbá yẹn tẹ ìwé jáde rí? Lọ́dún wo? Ilé ìtẹ̀wé wo?" Ni Dókítà bá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi baba rere. "Wò ó, mi ò fẹ́ pa ọ́ lára. Yọ bàbá yẹn kúrò, fi orúkọ tèmi síbẹ̀, n ó bu ọwọ́ lù ú lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni à ń pa orúkọ àwọn tó yege dé. Wàá tún ọdún yìí ṣe."

Ọmọ náà wá bá mi ní yàrá kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún. "Àǹtí, bí mo bá yọ orúkọ Bàbá, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?"

Èmi àgbàlagbà wá la ẹnu, mo ní, "Yọ ọ́, ọmọ mi, kí o jáde. Bàbá ò ní kà á." Ojú ń tì mí títí di òní pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Hamidat mi orí pé rárá, ó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé.

Ní Àlàmísì, ó mú bàbá rẹ̀ àgbà wá. Bàbá Jímọ́ọ̀ gbó, ó gbẹ, ó dé fìlà funfun, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo wà ní ọ́fíìsì Dókítà nígbà náà, mò ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣe. "Àsàlámù aléékúmù," ni Bàbá wí. Dókítà ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó kàn fi ọwọ́ júwe àga.

"Ọ̀gá," ni Bàbá wí, "wọ́n ní ọmọ mi jalè."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Màsúdát, ṣí àpilẹ̀kọ mi, kà á fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ewé dóńgóyárò, abẹ́ ibòòji, eérú. Bàbá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Mo wá dé ibi tí kò sí nínú iṣẹ́ Hamidat: "Ọwọ́ òsì nìkan ni kí a fi po ẹ̀wà náà." Ojú ìwé méjì gbáko ni Dókítà fi ṣàlàyé rẹ̀, pé ọwọ́ òsì kì í gbóná tó ti ọ̀tún, pé òógùn rẹ̀ kéré. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ òsì po ẹ̀wà rí nílé, ọkọ mi sì kọ̀ ọ́, kò jẹ ẹ́.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Áà, ìwọ ni ọlọ́kadà yẹn!" Ọ̀rọ̀ "ọ̀gá" ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ lo gun ọ̀kadà pupa wá bá mi lọ́jọ́ kan, kó tó di ìrun àìlà ọ̀sán. O ò kí mi. O ò sọ̀kalẹ̀. O fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ò ń bi mí, ò ń kọ ọ́. Mo ní kí o wá jẹun, o ní ò ń kánjú. O ò tilẹ̀ bi mí ní orúkọ. Mo wá fi ọwọ́ òsì kún un fún ọ."

"Bàbá, ẹ fi... kún un?" Ohùn Dókítà ò ròkè mọ́.

"Mùsùlùmí wo ló ń fi ọwọ́ òsì po oúnjẹ? Mo ní lọ́kàn mi pé bí o bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, ẹnu á yà ọ́, wàá bi mí léèrè. O kọ ọ́, o ṣáná sí ọ̀kadà, o lọ." Bàbá na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Bí ewúrẹ́ wa bá ń jẹ̀ kiri, a máa ń gé e létí díẹ̀, kí a lè dá a mọ̀ nílé ẹni tó bá gbé e. Etí ewúrẹ́ mi rèé o."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti Dókítà ò tilẹ̀ rìn ju mọ́kànlá lọ. Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ti rọra wọ abẹ́ tábìlì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mò ń tún ṣe. Hamidat ní tirẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ìwé tí wọ́n máa bu ọwọ́ lù ló ń wò.

Dókítà fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú, ó tì í sí iwájú Hamidat. Ọmọ náà gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Lẹ́yìn náà ni Dókítà ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe àpilẹ̀kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ fi orúkọ Bàbá kún tirẹ̀. Àyè kan wà níbẹ̀ fún orísun tó bá jẹ́ ènìyàn, kò sí ẹni tó tíì lò ó rí ní ẹ̀ka wa. Ó gbé ìka lé kọ̀ǹpútà, ìka náà sì dúró síbẹ̀. Orúkọ tó ń wá wà nínú iṣẹ́ Hamidat ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ni Dókítà Mahmud máa ń kà.

Ó gbójú sókè wo Bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?"

Bàbá mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e.

"Kọ́kọ́ kí mi ná."