Sójà Ilé Àna

Sójà náà ò sá lójú ogun. Wọ́n fún un láàyè ọ̀sẹ̀ kan kó wá sin bàbá rẹ̀ ni. Ó sin bàbá tán, ọjọ́ àtipadà pé, ó wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹsẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ fara pa mọ́ sílé ìyá òun. Ìyá náà ò bínú. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ilé yín nìyí. Ẹ ṣáà má jáde."

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ má bínú o, ṣé ẹ lè bá mi nu ilẹ̀ yìí? Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ta ló máa wo ojú àna ẹ̀ kó ní òun ò ṣe? Ó nu ilẹ̀. Láti orí ilẹ̀ ó dórí abọ́, ó dórí aṣọ, ó dórí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí kì í sùn àfi kí wọ́n pọ̀n ọ́n. Sájẹ́ńtì rẹ̀ lójú ogun a máa jágbe mọ́ni, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Màmá kì í jágbe. Á kàn mí kanlẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà. Sójà kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tòun tọmọ lẹ́yìn. Àṣé àwọn tó ń wo mítà iná ni. Nígbà tó jáde, eruku bo imú rẹ̀, ọmọ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, ló bá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún Màmá látòkèdélẹ̀.

Màmá gbọ́ ọ tán. "Ìyá ọ̀rẹ́ yín náà ńkọ́? Ṣé ó mọ bó ṣe kú?"

"Wọ́n á ti sọ fún wọn pé ó kú, Mà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Sójà lọ sọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ sí i. Obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú. Ibẹ̀ ló gbà lọ tààrà sí bárékè.

"Ta lo wá rí?" ẹni tó ń ṣọ́ géètì bi í.

"Kò sẹ́ni. Sójà ni mí. Mo sá ni."

"Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ fẹ́ kọjá."

Àwọn ọ̀gá ológun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi sá. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló kọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì sì wọmi. Nígbà tó jáde, kò síléeṣẹ́ tó gbà á ṣe ọdẹ, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi í ni ìdí tó fi kúrò nínú iṣẹ́ ológun, kò sì mọ irọ́ pa.

Ó ń fọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọwọ́ ẹ̀ mọ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ dé. Láràárọ̀, tó bá wọ bàtà tán, á kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná.