Áàpù Tó Wá Kí Ìyá Ọkọ Mi

Sìkírá ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kí n tó gbàgbé. O mọ̀ pé mo ti ń wá áàpù orí fóònù tí yóò máa gbẹnu sọ fún Àṣàkẹ́ ọmọ mi, torí kì í sọ̀rọ̀. Lójú àlá, gbogbo áàpù náà hu ẹsẹ̀, wọ́n tò sí pálọ̀ wa bí ẹni wá tọrọ ìyàwó. Ìyá ọkọ mi ló ń yẹ̀ wọ́n wò.

Àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí oníròyìn rédíò. Màmá ní kò kúnlẹ̀, kó máa lọ. Ìkejì kúnlẹ̀, “Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó,” omi sì ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀ títí a fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀, tí à ń rẹ́rìn-ín. Ni Àṣàkẹ́ bá lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ìkẹta, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ìyẹn ò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ògì ti sú mi.”

Màmá tó fẹ́ràn ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú omi.

Ẹ̀rín ni mo fi jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ ní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo gbé ògì síwájú Àṣàkẹ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ògì kúrò, mo lọ dín dòdò.