Búrẹ́dì Kò Jẹ̀bi

"Kí ọdún yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn ni yóò máa wọ rélùwéè wá jẹ búrẹ́dì ní Ìkìrun."

Jọláyẹmí, máníjà ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wa, ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1957, lọ́jọ́ tí a ṣí ilé-iṣẹ́ náà. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó dúró níwájú ààrò bí ẹni pé òun ló bí iná. A pàtẹ́wọ́. Àwa ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù la jọ dá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń po ìyẹ̀fun.

Kò pẹ́ tí búrẹ́dì fi ń gan nínú agbọ̀n ní téṣàn Òkukù. Èrò ọkọ̀ á yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n á rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní rà á mọ́. Ọmọge tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ọjà ń tà fún.

A pe ìpàdé sí iléèwé Onítẹ̀bọmi ní Inísà. Ọláwuyì, oníkòkó láti Òkukù, ló kọ́kọ́ dìde.

"Baba, ẹ má bínú. Ilé-iṣẹ́ yìí ń kú lọ, ẹ̀yin sì ni máníjà."

"Ṣé búrẹ́dì náà ni kò dára ni?" ni Jọláyẹmí bi wá. "Ẹ sọ fún mi."

Gbogbo wa wolẹ̀. Ta ni yóò wo àgbàlagbà lójú kó ní oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ò dáa?

"Háà, Baba, búrẹ́dì yín dùn bí oyin," ni Ọláwuyì wí.

"Ṣe ló ń yọ́ lẹ́nu," ni Adépọ̀jù, ará Inísà, gbè é lẹ́sẹ̀.

Wàhálà dé. Bí búrẹ́dì bá dára tí kò sì tà, a jẹ́ pé máníjà ni kò dára. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi fún un. Ẹnì kan ní ó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà jù. Ẹlòmíràn ní kì í rẹ́rìn-ín rárá. Bí a ṣe bọ̀wọ̀ fún un tó nìyẹn: a yọ ọ́ níṣẹ́.

Ó bọ́ táì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Kí ni mo ṣe gan-an?"

Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìkìrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Ọláwuyì di máníjà. Nítorí ọ̀wọ̀, kò yí ohunkóhun padà nínú bí Baba ṣe ń po ìyẹ̀fun. Láìpẹ́, ewúrẹ́ ń sùn nínú ààrò.

Ní ti Jọláyẹmí, àràárọ̀ ló ń wọ kóòtù, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, á gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀.

"Àyìnkẹ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

"Ẹ jẹun, Baba Morádéyọ̀. Ẹ̀kọ ń tutù."

Ó ń bi í bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé. Ọyẹ́ yẹn ló gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ọláwuyì sunkún títí imú rẹ̀ fi wú.

"Àwa la fà á. A lé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Adépọ̀jù mi orí. "Irú búrẹ́dì yẹn, a ò tún lè rí i jẹ mọ́ láyé."

Àyìnkẹ́ nu ojú, ó tún gèlè dúdú rẹ̀ wé.

"Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀," ló wí.