Fóòmù Ìyá Múlọ́múlọ́

Ọkọ̀ wíwà ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ wọn, bíréèkì méjì ló wà: ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n tètè tẹ tèmi, kí ẹni tó wà nídìí sítíárìn tó mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ mi fi ń pè mí ní Ọ̀gá Bíréèkì. Èmi náà sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí, ká má tíì sọ ti ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ọ̀hún ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Múlọ́múlọ́. Tìmùtìmù ni, ìrọ̀rí ni, bẹ́ẹ̀dì ni, ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ fi ìdí tàbí ẹ̀yìn kàn, òun ló ń ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé tí gbogbo wa ń gbé. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ líle nínú ilé yẹn. Àpótí ìjókòó inú ilé ìdáná gan-an ní fóòmù lórí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfẹ́sọ́nà, mo jókòó sórí àga kan báyìí, àga gbé mi mì, Jẹ́jẹ́ ló fà mí jáde. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nígbà tí oyún mi ń gbó lọ, èmi àti Jẹ́jẹ́ lọ ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí ni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀, kí ìyá lè na ọwọ́ kan ọmọ láì dìde. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò láràárọ̀. Mo mì í, kò yẹ̀. Mo fa okùn tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì ńlá, kò tú. Mo ní kí ìka mi wọ àárín fóòmù àti igi, ìka kọ̀, kò ráàyè. Mo wá di ẹ̀ṣẹ́, mo fi tẹ fóòmù náà, ó le, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ mi ò rì sínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń wò mí bí ìgbà tí mo fẹ́ bá a jà.

Kì í ṣe pé mo ń ṣe àṣejù. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ mí wò ti là á yé wa: ẹ̀yìn ni kí ọmọ tuntun fi sùn, lórí ohun tó le tó sì tẹ́, láìsí ìrọ̀rí, láìsí tìmùtìmù, láìsí aṣọ wúwúwú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun ò lágbára. Bí imú rẹ̀ bá rì sínú nǹkan rírọ̀, kò lè gbé orí kúrò níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó tì mí nígbà tí nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́.

Mo bí ọmọkùnrin. Wọ́n dá wa sílẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, ọmọ ń sùn láyà mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò lójú ọ̀nà ni pé màá tẹ́ ẹ sínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi náà á sì na ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí. Ìyá Múlọ́múlọ́ dúró sáàárín yàrá, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà bùbá rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo ààfin tí mo kọ́ fún ọkọ mi kékeré."

Mo wò ó. Fóòmù tí mo fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ti pòórá. Òmíràn ló wà níbẹ̀, ó wú bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ìyá ọkọ mi sì ti fi aṣọ àrán bò ó. Tìmùtìmù yí bẹ́ẹ̀dì náà ká bí ọgbà. Ìrọ̀rí róbótó kan wà níbi orí, pẹ̀lú ihò láàárín. Ó tún ká nǹkan rírọ̀ gbọọrọ kan, ó fi dí ibi tí bẹ́ẹ̀dì kékeré ti pàdé ti ńlá, níbi tí kò ti sí àyè kankan tẹ́lẹ̀ rí. Gbogbo rẹ̀ lẹ́wà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í kù síbì kan. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú.

"Màámi, ẹ ṣeun, mà. Níbo ni fóòmù tó wà níbẹ̀ wà?"

"Pátákó yẹn? Mo ti fi há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí atẹ́gùn má baà máa gbá a."

Mo yíjú sí Jẹ́jẹ́. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Màámi, ọmọ yìí ò lè sùn sórí èyí."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti rọ̀ jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ta ló máa ń sọ fún un pé nǹkan rọ̀ jù? Ó fọwọ́ gbá ìrọ̀rí róbótó náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí ló máa di orí rẹ̀ mú."

"Màámi, ẹni tó pa òwe yẹn ò ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí há ọmọ lórí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ọmọ fún Jẹ́jẹ́, mo yọ tìmùtìmù àkọ́kọ́, mo jù ú sí ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó dá a padà. Mo yọ òmíràn, mo jù ú. Ó tún mú un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lára, òun tí eékún ń dùn, àwa méjèèjì ń mí bí ẹni tó sáré, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dúró. Bí àlejò bá wọlé ní àkókò yẹn, á rò pé eré la ń ṣe.

Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Bóyá ká fi sílẹ̀ fún ti òní, tó bá di ọ̀la ká yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Díẹ̀díẹ̀ báwo? Kí ọmọ máa mí díẹ̀díẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ ń mi ọmọ lápá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sunkún.

Ìyá Múlọ́múlọ́ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Ìyàwó, èyí tó gbé ọ níyàwó yìí, orí kí ló sùn sí? Ṣé orí àpáta ni? Ṣé ó kú ni?"

"Màámi, àwọn tó ń sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì pọ̀, tí ọkọ̀ ò gbá. Ìyẹn ò ní kí n kọ́ ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀."

"O fẹ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi lè pa ọmọ?"

Ẹyin lohùn, mo mọ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ara ń ta mí, wọ́n sì ti fi fóòmù ọmọ mi há ilẹ̀kùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó lè pa á. Kó sáà ti dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú nǹkan yìí báyìí, ó parí. Kò ní lè ké, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́."

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Èébú ò wá. Kò wò mí rárá, bẹ́ẹ̀dì ló ń wò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé fóòmù oníàrán náà jáde, ó gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ tó ti sùn, ó jáde lọ. A ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Kò yẹ kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Báwo ló ṣe yẹ kí n sọ ọ́? Kí n kọ ọ́ lórin?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan," ó ní. "Obìnrin. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tìmùtìmù, wọ́n wá kó gbogbo òwú àti fóòmù tó rọ̀ jù lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀dì fún un. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dá ṣe fúnra wọn. Ọmọ náà sùn síbẹ̀, kò jí mọ́. Wọ́n bá a ní ìdojúbolẹ̀. Gbogbo èèyàn sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló mú un, pé ó kéré tán, ara tù ú, inú ìrọ̀rùn ló ti lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dì mú láti ìgbà náà."

Mo rò pé àánú ló máa kọ́kọ́ ṣe mí. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé, ó sì yí orí padà sí ẹlòmíràn.

"O mọ̀."

"A kì í sọ ọ́ nínú ilé wa."

"O mọ èyí, o sì jókòó tì mí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. O mọ̀ ọ́n, o dúró bí òpó nígbà tí wọ́n ń yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ padà. O jẹ́ kí n la ẹnu mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá tó bí ọ, torí pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú?"

"Mo rò pé…"

"Má rò ó mọ́. Gbé ọmọ mi fún mi."

Jẹ́jẹ́ tí mo sọ ọ́, orúkọ ìfẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án yẹn, èébú ni lẹ́nu mi. Mo gba ọmọ, mo di ògiri mú, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń gbá síwá sẹ́yìn. Ìyá Múlọ́múlọ́ ti yọ fóòmù tó fi há a. Ó ti nù ún, ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀ tí ilẹ̀kùn ya, ó ń rán òmíràn fún un, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó fà á le dan-in dan-in kó má baà ṣẹ́ po síbì kankan. Fóòmù oníàrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó rí mi. Ó já òwú pẹ̀lú eyín, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba, tó dojú bo inú fóòmù oníàrán náà.

Ojú rẹ̀ wọlé ṣinṣin, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa èémí tí èémí ò wá. Mo rò pé ó máa gbé orí. Kò gbé e. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú, síbẹ̀ kò gbé orí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ gidigidi, níbi tí bíréèkì ò sí.

Mo fi ọwọ́ tí mi ò fi gbé ọmọ gbá a lẹ́jìká mú, mo fà á sókè.

"Màámi. Ó tó."

Ojú rẹ̀ pọ́n, àpá aṣọ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta.

"Kò sí èémí níbẹ̀," ó ní.

Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mi ò yọ ọwọ́ kejì kúrò léjìká rẹ̀.

"Gbogbo wọn ló wá," ó ní. "Àgbà, ọmọdé. Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ní ara tù ú. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, torí pé ara tù ú. Ẹnì kan ò ṣe bí èyí tí mo ṣe yìí wò. Èmi náà ò ṣe é wò." Ó mú ọ̀bẹ fóòmù, ó gún nǹkan náà láàárín, ó fà á ya dé etí, ó tún gún un, títí òwú inú rẹ̀ fi tú sí wa lẹ́sẹ̀. Inú ń bí i gan-an ni, kì í ṣe sí mi. Mo jẹ́ kó bínú. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó bínú.

Nígbà tó ṣe tán, ó dojú bo fóòmù líle. Ó mí níbẹ̀, a jọ gbọ́ ọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e gòkè. Jẹ́jẹ́ dìde láti gbà á, kò fún un. Ó tẹ́ ẹ sínú bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka wá àyè yí i ká, ìka kọ̀. Ó fa okùn wò, ó tún fà á. Mo tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀ ní ẹ̀yìn, láìsí ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kéré gan-an nínú ibi gbalasa yẹn. Mo rí ọwọ́ ìyá ọkọ mi tó ń lọ síbi orí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan tì í, ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di ìkejì mú.

"Ṣé ó ń mí?" ó bi mí.

"Ó ń mí, Màámi."

"Wò ó dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. "Ó ń mí."

Ó tún béèrè. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mi ò ní sùúrù, mi ò fẹ́ràn kí wọ́n bi mí ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tó béèrè lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò, mo sì dá a lóhùn.