Dọ̀bálẹ̀ Lórí Yìnyín

Ọkùnrin náà kò tíì lọ.

Alhaja Fàósátù fi ìbòrùn bo imú, ó ṣe bí ẹni tó tẹjú mọ́ ihò tó gbẹ́ sínú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń ṣọ́ ọ. Aṣọ òtútù dúdú ni ọkùnrin náà wọ̀, ó fa fìlà tí wọ́n rán mọ́ aṣọ náà wálẹ̀ títí tó fi bo iwájú orí rẹ̀. Etí adágún omi ló dúró sí, níbi tí Alhaja gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sí gan-an. Ó gbé fóònù sétí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára Alhaja.

"Ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀," Alhaja sọ fún ara rẹ̀. "Ẹni tó bá ní ire lọ́kàn, á kọ́kọ́ kí ni."

Ó na ọwọ́ sí hámà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fà á mọ́ra.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí òtútù ti gbá Thamesmead nílùú Òyìnbó mú bí ẹni mú olè, tí adágún tó wà láàárín àwọn ilé náà fi dì gbagidi lójú ẹni tó ń wò ó. Sínóò díẹ̀ ti bọ́ lé e lórí, gbogbo rẹ̀ wá funfun nini. Lápá òsì, níbi tí omi kò tíì dì, àwọn ẹyẹ ńlá funfun ọlọ́rùn gígùn méjì, tí àwọn ọmọ ń pè ní swan, ń lúwẹ̀ẹ́ yípo. Yàtọ̀ sí wọn, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ àfi òun àti ọkùnrin yìí.

Anisah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti kìlọ̀ fún un lánàá.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ pẹja lọ́la. Swan yẹn, tó bá fi apá gbá yín, ọwọ́ yín á kán."

"Ẹyẹ ló máa kán mi lọ́wọ́? Èmi tí mo bá ìyá mi yọ ọ̀nì nínú àwọ̀n?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ já báàgì gbà náà ńkọ́? Last week ni wọ́n já ti Auntie Bernice gbà, lọ́sàn-án gangan."

"Bernice ń rìn bí ẹni tó ń sùn ni."

"Mummy, mi ò ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí ní Ẹ̀pẹ́, Anisah. Èmi àti omi, a ti mọra tipẹ́."

Ẹyẹ ni wọ́n sọ, olè ni wọ́n sọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ yìnyín. Ta ló máa rò ó pé ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin máa ti ilé rẹ̀ ní Barnfield wọ bọ́ọ̀sì wá gun orí rẹ̀?

Fídíò ló kó sí i lórí. Ìyèbíyè, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kánádà, ló fi í ránṣẹ́. Ọkùnrin kan jókòó lórí àpótí láàárín omi dídì, ó ju ìwọ̀ sínú ihò, ó ń fa ẹja yọ bí ẹni ń fa omi nínú kànga, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí yìnyín kan náà. Alhaja wo fídíò náà títí fóònù rẹ̀ fi gbóná. Ohun tó ru ọkọ̀, ṣé kò ní ru òun ni? Nígbà tó dé etí omi láàárọ̀ yìí, ó fi gìgísẹ̀ gbá yìnyín náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò mì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan sì sáré kọjá lórí rẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró, ó fi ìrù gbálẹ̀ lọ sódì kejì. Alhaja ní bisimilá, ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ogún ìṣísẹ̀ ló rìn.

Ẹni tó wà nínú fídíò, ẹ̀rọ ló fi gbẹ́ ihò tirẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kan omi. Hámà àti irin ẹlẹ́nu mímú tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni Alhaja lò. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin péré, omi ti sun. Ó tilẹ̀ yin ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi ṣì le," ló wí. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi yá bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ti fóònù bọ àpò wàyí. Ó sún mọ́ etí yìnyín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ.

"Hello?" ló pè.

Alhaja dìde, hámà lọ́wọ́. Bó ṣe dìde ni ohùn tín-ín-rín kan dún, ó sáré lọ jìnnà bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Ó rò pé ẹyẹ ni. Ẹyẹ náà ti ń bọ̀ lóòótọ́: ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rùn gígùn ti gòkè sórí yìnyín, ó ṣí apá méjèèjì gbàgàdà, ó ń fẹ́ ẹnu ṣìì, ṣìì, bí ejò, ó dojú kọ Alhaja bí ọmọ onílẹ̀ tó bá àlejò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹyẹ lápá òsì, ọkùnrin níwájú. Alhaja fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tó kù fún un, ìyẹn àárín omi. Ìṣísẹ̀ kan. Èkejì.

"Lie down!" ọkùnrin náà pariwo. "Lie down! Lie down flat!"

Alhaja mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1994 ló gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn mẹ́rin jáde láti inú igbó pẹ̀lú ìbọn, tí wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró. Lie down, wọ́n ní. Lie down flat. Obìnrin tó jókòó tì í pẹ́ díẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi fọ́ ọ lẹ́nu. Alhaja dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fi ojú nu eruku, ó sì búra pé olè kankan kò tún ní dá òun dùbúlẹ̀ mọ́ láyé.

"Mi ò ní dùbúlẹ̀!" ló ké padà ní Yorùbá. "Báàgì nìyẹn lẹ́sẹ̀ rẹ. Gbé e, kí o máa lọ!"

Ọkùnrin náà tún pariwo. Yorùbá ni lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Mummy! Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ kíá!"

Ìbẹ̀rù Alhaja yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìbínú gba àyè rẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Dọ̀bálẹ̀!"

"Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìwọ? Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé obìnrin ló ń dọ̀bálẹ̀ nílé yín? Àbí ìyá rẹ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí ọ láàárọ̀?"

Ọkùnrin náà tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti ń fi apá lu yìnyín gbàmù gbàmù, Alhaja kò gbọ́ ohun tó wí. Ohun tó rí ni pé ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan lé orí yìnyín.

"Dúró síbẹ̀! Mà á la hámà yìí mọ́ ọ lórí!"

Ó dúró. Ẹyẹ náà kò dúró. Ó fi apá gbá ọ̀pá ìwọ̀ Alhaja, ọ̀pá náà fò lọ. Alhaja rí agbára tó wà nínú apá yẹn, ó mọ̀ pé òótọ́ ni Anisah sọ. Ó wo iwájú, ó wo òsì. Agídí kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹni méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbọ́, obìnrin mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kú nítorí pé ó kúnlẹ̀.

Ó kúnlẹ̀.

"No!" ọkùnrin náà ké. "Mummy, no!"

Pàá! Orúnkún ọ̀tún kò rí ilẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé itan. Omi náà kò ṣe é bí ohun tó tutù. Ó jó o bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Hámà bọ́, ó rì. Ẹyẹ náà fò sókè pẹ̀lú ariwo, ó padà sínú omi rẹ̀. Alhaja fẹ́ ké, èémí kò sí. Orúnkún òsì nìkan ló ṣì wà lókè, àwọn ìlà funfun sì ti ń là yí i ká bí ìgbà tí ẹyin bá fọ́.

Ó gbé ojú sókè kó lè mọ ẹni tó máa pa òun.

Ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ lélẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ lẹ́yìn, bí ọkọ ìyàwó tó wá kí àwọn àna. Ó ti bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó dì í mú ní apá kan, ó sì ń fàyà fà bọ̀ lọ́dọ̀ Alhaja díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àyà rẹ̀ gbà kọjá kò sán.

Ó yé Alhaja lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin yìí kò ní kí òun bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní kí òun tẹ́ ara òun bí ẹni tẹ́ ẹní, kí yìnyín má bàa mọ ibi tí ẹrù wà.

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Alhaja Fàósátù, ìyá ọlọ́mọ tó ti dàgbà tó báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Apá aṣọ kan fò wá, ó já síwájú ojú rẹ̀.

"Mú un! Mú un, Mummy!"

"Mo ti mú un, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà fà á. Ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́ kọ̀, ó wá yọ, ó fi bàtà sílẹ̀ sínú omi. Alhaja fẹ́ dìde.

"Má dìde o! Má dìde!"

Kò dìde. Bí alángbá méjì ni wọ́n ṣe fàyà fà padà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, títí koríko gbígbẹ fi gún wọn lójú.

Wọ́n jókòó, eyín ń lu eyín. Ọkùnrin náà ti tó ẹni ogójì ọdún, ewú ti yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀, káàdì ibi iṣẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Báyọ̀ ni orúkọ mi," ló wí. "Mo work ní care home, iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mummy, I'm so sorry."

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ní kí ìyá arúgbó dọ̀bálẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún lie down nìyẹn. Daddy mi máa ń sọ ọ́ every morning. 'Báyọ̀, dọ̀bálẹ̀!' Tí mi ò bá dọ̀bálẹ̀, no breakfast."

"Dùbúlẹ̀ là ń sọ."

"Dùbúlẹ̀."

"Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ! Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ."

"Ẹ dùbúlẹ̀, Mummy."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alhaja. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti ń sunkún.

"Ta lò ń pè lórí fóònù?" ló bi í nígbà tó nu ojú tán.

"Fire brigade. Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní kí n má gun orí ice."

"O sì gùn ún."

"Ẹ ò gbọ́ mi." Báyọ̀ na ọwọ́ sí i. "Ilé Mummy mi ò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká lọ, heater wà, tíì wà."

Alhaja gba ọwọ́ náà, ó dìde. Ó fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bá lọ sórí yìnyín. Ojú ogún ìṣísẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ lórí sínóò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fàyà fà gbà, gún régé, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan láti etí omi lọ, ó mọ́ ketekete bí ẹni pé wọ́n fi ń júwe ọ̀nà. Ibi tó ti fọ́ jìnnà, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn láti etí omi. Ẹni tó bá dé báyìí, ohun tó máa rí ni pé ẹnìkan ti rìn ín.

Kò tíì rò ó tán tí ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò lè ju ọdún márùn-ún lọ, fi sáré wá láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó wọ bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè. Ìyá rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọwọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà nínú fóònù. Ọmọ náà rí àwọn ìṣísẹ̀ náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ sínú àkọ́kọ́.

Alhaja kò mọ ìgbà tó kúrò lójú kan. Ó sáré, ẹsẹ̀ kan láìní bàtà, orí láìní ìbòrùn, omi ń ro lára rẹ̀, ó ń ké "Kúrò! Kúrò níbẹ̀!" bí ẹni tí nǹkan gùn. Ó bẹ́ sáàárín ọmọ náà àti omi, ó na apá méjèèjì. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Get away from her!" Ìyá ọmọ náà ti já ọmọ rẹ̀ gbà. "What's wrong with you? Mad woman!"

Alhaja fẹ́ ṣàlàyé, kò sí èémí. Ó kàn ń nawọ́ sí yìnyín. Obìnrin náà kò wo ibẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́, ó ń sáré lọ sápá ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Báyọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Mummy, she thinks... ó rò pé ẹ fẹ́..."

"Jẹ́ kó rò ó. Kó lọ máa bẹ̀rù mi nílé rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ti ń di blue. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Mi ò lọ ibì kankan títí àwọn panápaná á fi dé. Yá mi ní fóònù rẹ."

Ó tẹ nọ́ńbà tó mọ̀ sórí. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Anisah gbé e.

"Hello, who's this?"

"Èmi ni. Mo gun orí yìnyín lọ pẹja, ó fọ́ mọ́ mi lábẹ́. Mo ti jáde, mo wà láàyè. Mo ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ ni."

Alhaja dúró kí ìbáwí dé.

"Mummy." Ohùn Anisah ti yí padà. "Níbo lẹ wà? Ẹ ti kúrò níbi omi yẹn?"

"Mo ṣì wà níbẹ̀. Mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti bàtà bọ̀."

"Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?"

Alhaja ti rìn lọ síbi tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ti kan etí omi. Ó kọ ẹ̀yìn sí yìnyín, ó kọjú sójú ọ̀nà. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn méjì kan ń mú ajá wọn bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Mò ń ṣọ́ ojú ẹsẹ̀ tí mo fi sílẹ̀," ló wí. Ó dá fóònù padà fún Báyọ̀, ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì.