Oorun Alhaja Sẹ̀kínát

Láti ìgbà tí ọkọ Alhaja Sẹ̀kínát ti kú ni oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ayọ̀ọlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ ìyá náà ló máa ń gbọ́, tí yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀.

Òun ló bẹ Alhaja lọ́jọ́ Sátidé kan pé kó bá òun ká lọ sí Ilàrè. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ gba orin mímọ́ kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n kọ nílẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Wọn ò gbé kíbọ́ọ̀dù dání. Irú ohun èlò tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà gan-an ni wọ́n kó jọ. Ti Ayọ̀ọlá dà bíi gòjé ńlá, àárín ẹsẹ̀ ló ń gbé e sí, ìfun àgùntàn sì ni wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀.

"Ìfun àgùntàn kẹ̀?" Alhaja fọwọ́ kan okùn náà jẹ́jẹ́. "Èmi tí mo ń fi tèmi se ọbẹ̀!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alhaja lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Wọ́n pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú orin. Ooru mú, okùn ń dẹ̀, Ayọ̀ọlá ń yí i le ṣáá. Nígbà tó yá, ohùn wọn bára mu. Fọláyọ̀, akọrin wọn, gbé orin, ó ń bẹ Ọlọ́run lédè Látìn pé kó má fi òun sílẹ̀. Gòjé ńlá náà ń tẹ̀lé e nísàlẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Wọn ò tíì dé ìdajì tí Ọláwálé, tó ń gba ohùn sílẹ̀, fi na ọwọ́ sókè.

"Ẹnì kan ń hanrun."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Alhaja ti fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rọra jí wọn," ni Ọláwálé wí.

Ayọ̀ọlá di apá rẹ̀ mú. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, wọn ò tíì sùn báyìí."

Ọláwálé wo ìyá náà títí, ó sì jókòó. Fọláyọ̀ bọ́ bàtà, ó yọ́ lọ fa kọ́tìnnì kí oòrùn má baà ta sójú Alhaja. Àwọn tó kù ń fi ìwé orin fẹ́ ara wọn.

Ìgbà tí ìyá náà la ojú, wọ́n ti ń pe ìrun Aláàsárì lókèèrè. Ó ta gìrì.

"Ha! Ẹ̀yin ọmọ, ṣé mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ báyìí?"

"Rárá o, Mà." Ayọ̀ọlá kúnlẹ̀ tì í.

"Ohùn bàbá yín ni mo gbọ́," ni Alhaja wí. "Bí wọ́n bá ń ké kéwú, ìsàlẹ̀ ibi tí gòjé yín ń ké sí yẹn gan-an ni ohùn wọn máa ń wà."

Ó jáde lọ kírun. Nígbà tó padà dé, ìjókòó iwájú ló mú, ẹ̀gbẹ́ gòjé gan-an. Wọ́n kọ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbin.

Láti ọjọ́ náà, bí Ayọ̀ọlá bá fẹ́ fi orin dánra wò, pálọ̀ Alhaja ló ń gbé gòjé rẹ̀ lọ.